Báwo la ṣe ń sọ “mo ti padà bọ̀ sípò” ní Gẹ̀ẹ́sì? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń dìde lẹ́yìn ìfàsẹ́yìn

“Ó ti padà bọ̀ sípò.” Ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí nípa ìyá arúgbó tí ibà dá dùbúlẹ̀, nípa aláàdìrẹ tí òjò ba ọjà rẹ̀ jẹ́, nípa ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó sì tún un ṣe, àti nípa ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ yín á mọ èwo lẹ ń wí. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ya ọ̀rọ̀ ti ara sọ́tọ̀, ó ya ti owó sọ́tọ̀, ti ọkàn náà dá dúró. Bí ẹ bá mú ti ara sọ ti owó, wọ́n á gbọ́ yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ní wọlé. Ó sì yẹ kó wọlé, torí ẹni tó ń ṣàlàyé ìfàsẹ́yìn fún ẹlòmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: owó yíyá, iṣẹ́, àfikún àkókò, tàbí kí wọ́n tún fún un láàyè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta

Kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí ló ṣubú? Ṣé ara ni, owó ni, ẹ̀kọ́ ni, àbí ọkàn? Èkejì: ibo lẹ dé lójú ọ̀nà? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, ẹni tó ń dìde lọ́wọ́, àti ẹni tó ti dìde tó ti ń rìn, ọ̀rọ̀ wọn kò papọ̀. Ẹ̀kẹta: ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ohun tí ẹ ó kọ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp kọ́ lẹ ó kọ sí ọ̀gá báńkì.

Ẹ wo bí ìbéèrè kìíní ṣe ń ṣiṣẹ́. “Recuperate” ti ara ni: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó ń sinmi nílé kí agbára rẹ̀ lè padà, òun ló ń “recuperate”. Bí ẹ bá sọ pé “My shop is recuperating”, ṣe ló máa dà bíi pé ìsọ̀ náà dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. “Recoup” ti owó ni, kì í sábà kan ara. “Get over” ti ọkàn ni, wọ́n tún ń lò ó fún àìsàn kékeré bí ọ̀fìnkìn. Ọ̀kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi gbogbo lọ ni “recover”. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú mọ́ yín lójú, òun ni kí ẹ dì mú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pe ohun tó ṣubú ní orúkọ rẹ̀

“Setback” ni ọ̀rọ̀-orúkọ fún ìfàsẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ni, ẹ má ṣe pín in sí méjì. Ó túmọ̀ sí ohun tó dá iṣẹ́ tó ti ń lọ dáadáa dúró tàbí tó fà á sẹ́yìn. A máa ń “suffer a setback” tàbí kí a “have a setback”. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, ó di méjì, ẹni tó kàn sì máa ń wà láàárín: “The flood set us back three months.” Ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ pé “set back us”. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni wọ́n fi ń sọ iye tí nǹkan ná èèyàn, pàápàá tó bá dùn ún lápò: “The repairs set me back ₦60,000.”

Ikú kì í ṣe “setback”. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kò ní ìfàsẹ́yìn, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. “Loss” ni ẹ ó lò níbẹ̀. Bí àìsàn tàbí àṣà burúkú bá lọ tó sì tún padà wá, “relapse” lorúkọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti gba gbogbo lẹ́tà wa kan: “challenges”. “I am having some challenges with my business.” Ẹni tó ń ka èyí kò mọ̀ bóyá olè ló jà yín, tàbí ẹ jẹ gbèsè, tàbí ọjà ni kò tà. Kò sóhun tó lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ fi oṣù, ibi àti iye sí i: “In July, floodwater entered my shop at Lafenwa and ruined eighteen bags of rice.” Gbólóhùn kan péré, ẹni tó ń kà á sì ti rí omi náà lójú ara rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “spoil”. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo nǹkan ló ń “spoil”: fóònù, ẹ̀rọ amúnáwá, aṣọ, mọ́tò. Lẹ́nu àwọn tó ni èdè náà, oúnjẹ ló sábà ń “spoil”, tàbí ọmọ tí wọ́n kẹ́ ní àkẹ́bàjẹ́. Ẹ̀rọ máa ń “break down”. Aṣọ àti ọjà tí omi bà jẹ́ ti di “ruined” tàbí “damaged”. “Damaged” túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́ àmọ́ ó lè ní àtúnṣe, “ruined” sì ni èyí tí kò wúlò mọ́. Tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò lẹ ń kọ̀wé sí, ìyàtọ̀ yìí kàn yín dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nígbà tó bá jẹ́ ara

A máa ń béèrè pé, “Ṣé ẹ ti ń gbádùn?” Aláìsàn á dáhùn pé, “Mo ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀.” Láti ibí yìí ni “I am now enjoying” ti wá, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ̀ ọ́n. “Enjoy” ti fàájì ni, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń gbádùn lẹ́yìn rẹ̀: “I enjoyed the food.” Tó bá jẹ́ ìlera, ìbéèrè ni “Are you feeling better?”, ìdáhùn sì ni “I'm getting better, little by little.”

Láti orí ibùsùn títí dé ibi iṣẹ́, àwọn gbólóhùn yìí ń tẹ̀ lé ara wọn bí àtẹ̀gùn ni. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni “She is in a stable condition” wà. Àwọn ará ilé sábà máa ń yọ̀ tí dókítà bá sọ ọ́, torí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí pé ara ti yá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ipò rẹ̀ dúró sójú kan, kò burú sí i. “She is not out of the woods yet” ni pé ewu ṣì wà nílẹ̀. “She has turned the corner” ni pé ibi tó le jù ti kọjá, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Lẹ́yìn náà ni “She is on the mend”. “Mend” ni kí a rán ibi tó ya lára aṣọ. Ẹni tó wà “on the mend” dà bí aṣọ tó wà lọ́wọ́ aránṣọ: kò tíì parí, àmọ́ abẹ́rẹ́ ti wọ ibi tó ya. Tó bá wá délé tó ń sinmi, “She is recuperating at home.” Tó bá ti ń rìn, tó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, “She is back on her feet.” Tí kò bá sí àmì àìsàn kankan mọ́, “She has made a full recovery.”

“Pull through” wà fún ẹni tí wọ́n ti ń bẹ̀rù pé ó lè kú, tí kò sì kú. Ẹ má ṣe lò ó fún orí fífọ́ tàbí inú rírun, ó ti tóbi jù fún wọn.

Bí a ṣe ń kí ẹni tó la ewu já nìyí, “Ẹ kú ewu”, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ìkíni tó bá a dọ́gba. Fún ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ìjàm̀bá ọkọ̀, “I'm so thankful you're safe” ló sún mọ́ ọn jù. Fún ẹni tó dìde nínú àìsàn ńlá, “I'm so glad you pulled through.” Fún ìyá ọmọ tuntun, ẹ gbàgbé ewu náà pátá, kí ẹ sọ pé “Congratulations! I'm glad you're both well.” Ẹni tó bá túmọ̀ ewu sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìyálọ́mọ tí kì í ṣe Yorùbá lè dẹ́rù bà á.

Ọ̀rọ̀-atọ́kùn tó ń tẹ̀ lé “recover” ni “from”: “He has recovered from malaria.” Kì í ṣe “of”, kì í ṣe “in”. “I wish you a speedy recovery” náà ní “a” nínú, ọ̀pọ̀ káàdì ni kò sì ní in.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tó bá jẹ́ owó àti ọjà

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká mú aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú. Ọjà ₦150,000 bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrè tó ń rí lórí aṣọ ọ̀pá márùn-ún jẹ́ ₦1,500. Ẹ pín ₦150,000 sí ₦1,500, ẹ ó rí i pé aṣọ 100 ló gbọ́dọ̀ tà kí owó tó pàdánù tó padà sí àpò. Tó bá ń ta 20 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Ní Gẹ̀ẹ́sì: “At twenty pieces a week, I will recoup my losses in five weeks.” Ọjọ́ tó bá ta aṣọ ọgọ́rùn-ún náà pé, kò jèrè, kò sì pàdánù mọ́: “I have broken even.” Láti orí aṣọ kọkànlélọ́gọ́rùn-ún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í “make a profit”. Ẹ rí i pé “recoup” kì í dá rìn, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n gbà padà: “my losses”, “my costs”, “my investment”. “I have recouped” nìkan dà bí ẹni tó sọ pé “mo ti gbà” tó sì dákẹ́.

“Cut your losses” kì í ṣe dídìde, àmọ́ òun ló sábà máa ń ṣíwájú dídìde. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé tí hydrosulphite, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró mú aṣọ, bá ti kú, àwọ̀ kò ní mú aṣọ dáadáa mọ́. Ó ti bọ aṣọ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì. Tó bá tún ki ẹ̀kẹrin bọ̀ ọ́, ó ń fi òfò kún òfò ni. Tó bá da aró yẹn nù, tó po òmíràn, ó ti “cut her losses”. Mẹ́ta náà kò padà, ṣùgbọ́n kò ní di mẹ́wàá.

“Bounce back” wá láti ara bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ tó sì ta sókè. Ìyára wà nínú rẹ̀. Tí ọjà bá rọ ní oṣù kẹsàn-án tó sì gbéra ní Kérésìmesì, “Sales bounced back in December” bá a mu. Tó bá gbà yín lọ́dún mẹ́ta kí ẹ tó dìde, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ jù fún ìyà yẹn. Ẹ sì má gbàgbé “back” sẹ́yìn o, torí “bounce” nìkan ni wọ́n ń lò fún ìwé sọ̀wédowó tí báńkì dá padà nítorí pé kò sówó nínú àkáǹtì. “My business bounced back” jẹ́ ìròyìn ayọ̀, “My cheque bounced” sì lè gbé èèyàn dé kóòtù.

Fún èyí tó gba àkókò, “get back on my feet” ni kí ẹ mú. “The loan helped me get back on my feet.” Ẹni tó ń dìde ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tó wà ṣáájú “feet”: “my feet”, “her feet”, “their feet”. Ìṣòro wa níbí ni pé ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa, láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, “leg” àti “foot”, kò sì gbà kí ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú àkànlò yìí. Ẹni tó bá sọ pé “My business is on its last legs” ti sọ òdìkejì pátápátá: ó ní òwò òun ti fẹ́ kú. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń tọrọ owó yíyá.

“Start from scratch” ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́. “Scratch” yìí ni ìlà tí wọ́n ń fà sórí ilẹ̀ láyé àtijọ́ níbi tí àwọn eléré ìje ti ń gbéra. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, wọn kò fún un ní àyè kankan ṣáájú. Kò sí àpẹẹrẹ tó dára ju ti ìlú Abẹ́òkúta yìí lọ. Nígbà tí ogun tú àwọn abúlé Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, sì kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìpìlẹ̀ tuntun ni wọ́n fi lélẹ̀: “The Egba settled under Olumo Rock in 1830 and started from scratch.” Ẹ lè fi “rebuilt their towns” parí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ ṣì wà, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣì ń pè é, kò bẹ̀rẹ̀ láti “scratch”. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ńlá ba ẹjọ́ yín jẹ́.

“Regain” wà fún ohun tí kò ṣeé kà bí owó: “regain control”, “regain my customers' trust”, “regain my confidence”. Ipò àṣẹ náà wà níbẹ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, dìde sí ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọba náà padà ní 1950: “The Alake left the throne in 1949 and regained it in 1950.” Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn á fẹ́ kọ “made a comeback” síbẹ̀. Ó tọ́ ní gírámà, ṣùgbọ́n eléré bọ́ọ̀lù, olórin àti olóṣèlú ló yẹ. Fún ọba, “regained the throne” ló ní ọ̀wọ̀.

“Get back on track” wà fún ètò tó ní ìlànà: owó tí à ń san díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ̀kọ́. “Track” ni irin tí rélùwéè ń gbà, bí èyí tó gba Láfẹ́nwá kọjá. Ọkọ̀ náà lè lágbára bó ṣe wù ó, tó bá ti bọ́ lórí irin, kò lọ mọ́. “I missed two payments, but I am now back on track.” Ọ̀gá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ á gbọ́ èyí, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àti ìdánwò

Èyí kò gùn. Ẹni tí àìsàn gbà lọ́wọ́ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti “fall behind”. Tó bá ń lé wọn bá, ó ń “catch up”: “catch up with” fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, “catch up on” fún iṣẹ́ tó jọ sílẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì kó lè dí àkókò tó sọnù, “I am making up for lost time.” Tó bá tún ìdánwò ṣe, “I resat the exam and passed.” Ẹ fi “carryover” sílẹ̀ fún àárín ara wa ní yunifásítì. Ẹni tó ń ka ìwé yín ní Kánádà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “I failed the course in my second year and retook it the following year.”

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tó bá jẹ́ ọkàn

Níbí, àṣìṣe kan lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́. “Get over” túmọ̀ sí pé kí ọ̀ràn náà kúrò lọ́kàn ẹni. Ẹni tí nǹkan ṣe lè fi sọ ara rẹ̀: “It took me a year to get over it.” Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ ọ́ sí ẹlòmíràn bí àṣẹ, “Get over it”, èébú ni. A mọ ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń mú un wá: “Ẹ gbé e kúrò lọ́kàn”, “Ẹ má rò ó mọ́”. Àánú ló kún inú ìwọ̀nyí lédè wa. Nígbà tó bá fi máa dé inú Gẹ̀ẹ́sì, àánú náà ti já sọ́nà, ìkanra ló kù. “Move on” náà rí bẹ́ẹ̀.

Dípò wọn, fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, “I'm so sorry for your loss” tó. Ẹ fi “Take all the time you need” tẹ̀ lé e tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín. “May God comfort you” dára fún onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ó sì gbé “Ọlọ́run á tù yín nínú” dáadáa. Bí ẹ bá ń sọ nípa ẹni náà fún ẹlòmíràn, “She is coming to terms with it” ni pé ó ti ń gba kámú. “He is picking up the pieces” ni pé ayé rẹ̀ fọ́ bí ìkòkò, ó sì ń ṣa àpáàdì rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń lò ó fún ìgbéyàwó tó tú ká, ilé tó jóná, tàbí ọ̀fọ̀. Ẹ má ṣe sọ láé pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ti “bounce back”.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mú “back” kúrò níbi tí kò yẹ kó wà

Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ló gbilẹ̀ jù, “padà” ló sì fà á. Torí pé a máa ń sọ pé “gbà padà”, “dá padà”, “san padà”, ọwọ́ wa máa ń fẹ́ fi “back” sí ìdí gbogbo ọ̀rọ̀: “recover back”, “return back”, “repay back”, “regain back”. Ẹ wo iwájú ọ̀rọ̀ náà. “Re-” tó bẹ̀rẹ̀ wọn ti gbé “padà” dání. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti ní “re-” níwájú lọ́nà yìí, ẹ má fi “back” sí i lẹ́yìn. Bí kò bá ní in, bíi “get”, “win”, “bounce”, “come”, nígbà náà ni “back” pọn dandan: “win back my customers”, “get my money back”.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ibi tí “back” wà ni ìròyìn ayọ̀ wà. “We are back to square one” ni pé gbogbo làálàá já sófo, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. “Back to the drawing board” rọjú díẹ̀: ètò kìíní kùnà, ẹ jẹ́ ká tún òmíràn rò.

Ìgbésẹ̀ keje: “ti” àti “ń”

Èdè wa ti kọ́ wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. “Mo ń dìde” di “I am recovering”. “Mo ti dìde” di “I have recovered”. “Mo ti ń dìde láti oṣù kẹfà” di “I have been recovering since June”. Ibi tó ti ń ṣì ni ìgbà tí ẹ bá dárúkọ àkókò tó ti kọjá. A lè sọ pé “Mo ti dìde lóṣù tó kọjá”, kò sì burú. Gẹ̀ẹ́sì kò gba “I have recovered last month”. Bí “last month”, “in 2022” tàbí “two weeks ago” bá ti wọ inú gbólóhùn, ẹ yọ “have” kúrò: “I recovered last month.”

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹnu

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ lórí ìwé lè sọnù lẹ́nu. “Recover” ní “v”, èdè wa kò ní in, òun ló fi ń di “rikọ́fà”. Ẹ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe “f”, ẹ fi ìka lé ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ wá jẹ́ kó gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n lábẹ́ ìka yín, “f” lẹ ṣì ń pè. “Z” náà rí bẹ́ẹ̀: “s” tí ọ̀fun gbọ̀n sí ni. Òun ló wà láàárín “resilient”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “s” ni wọ́n kọ síbẹ̀.

“Scratch” kì í parí sí “ṣ”. Ẹ gbé ahọ́n sí ipò “t”, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ sínú “ṣ” kíá. “Back” àti “track” kò ní fáwẹ̀lì nídìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di “báàkì” àti “tíráàkì”: ẹ dá ohùn dúró lórí “k” náà. “Feet” gùn, “fit” kúrú. “Recoup” ń pe “p” rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n “coup”, ìyẹn ìfipágbàjọba, kò pe tirẹ̀. Ẹni tó gbé “p” yẹn jẹ lórí “recoup” ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí. Ẹ tún gbé ohùn sórí “set” nínú “a setback”, kí ẹ sì gbé e sórí “back” nínú “it set us back”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “a comeback” àti “come back”.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ kó wọn jọ sínú lẹ́tà

Gbólóhùn márùn-ún tó. “Dear Sir or Madam” ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. “Ma” dùn lẹ́nu wa, ó sì fi ọ̀wọ̀ hàn, ṣùgbọ́n kì í wọ inú lẹ́tà.

“In July, floodwater entered my shop at Lafenwa and ruined eighteen bags of rice. The loss set me back four months. I have since raised the floor with concrete, and I now keep all my stock on wooden pallets. By October I had recouped about half of what I lost. Sales are back on track, and I am applying for a loan of ₦400,000 to restock before December.”

Èkíní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, àti iye rẹ̀. Èkejì sọ ohun tó gbà lọ́wọ́ yín, kò sì sunkún. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ohun tí ẹ ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yá yín lówó kò bẹ̀rù omi tó ti lọ, ti ọdún tó ń bọ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀kẹrin lo “had recouped” torí pé ó ti parí kí oṣù kẹwàá tó dé. Ìkarùn-ún sọ ibi tí ẹ wà lónìí àti ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ wò ó, “resilient” kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, ẹlòmíràn ló yẹ kó fi pè yín. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ kọnkéré tí ẹ dà sílẹ̀ náà, òǹkàwé á fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Ìbéèrè kan náà máa ń wáyé níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́: “Tell me about a setback and how you dealt with it.” Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Ẹ fi ìdá mẹ́rin kan rẹ̀ sọ ìṣubú, kí ẹ fi ìyókù sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má di ẹ̀bi ru ọ̀gá àtijọ́. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ kà á sínú fóònù yín, kí ẹ tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ fetí sí “v” àti ìparí àwọn ọ̀rọ̀. Nígbà kejì, ẹ ka iye “back” tí ẹ sọ, kí ẹ sì yọ èyí tó bá tẹ̀ lé “re-” kúrò.